Sẹ́mínà: bí àṣà yíyẹ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni wò ṣe dé Ìbàdàn

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ kó dátà fún tísísì rẹ̀, yóò dúró síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yóò ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe, wọn yóò sì tú u palẹ̀ fínnífínní. Sẹ́mínà ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan gbà pé ọ̀nà táwọn olùkọ́ fi ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Jámánì ló ti gbéra. Ní 1787, Friedrich August Wolf dá sẹ́mínà kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Halle fún àwọn tó ń kọ́ èdè Gíríìkì àti Látìn. Níbẹ̀, kì í ṣe pé olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ tí ọmọ iléèwé ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń kọ iṣẹ́ wá, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì wá ibi tó ti mẹ́hẹ. Leopold von Ranke gbé e wọnú ẹ̀kọ́ ìtàn ní Berlin. Ní àwọn ọdún 1830, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ a máa pàdé nílé rẹ̀, wọ́n á gbé ìwé àtijọ́ kalẹ̀, wọ́n á máa bi ara wọn pé: ta ló kọ èyí? Ṣé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣojú rẹ̀? Láti ibẹ̀ ló ti dé Amẹ́ríkà àti London.

Lábẹ́ Yunifásítì London ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ọgbà tó ti jẹ́ ọsibítù àwọn ológun rí. Dígírì London ni wọ́n ń fúnni, London ló sì ń fọwọ́ sí ìdánwò. Ìgbà tó di yunifásítì tó dá dúró ní 1962 ni Ìbàdàn wá di ẹni tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí iṣẹ́ tirẹ̀. Lásìkò yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn ní Ìbàdàn, tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní London ní 1950, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jà fún un pé ìtàn àtẹnudẹ́nu náà jẹ́ ẹ̀rí. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ojú ẹlẹgbẹ́ ti di dandan. Ọmọ Ìbàdàn tó ń kọ nípa ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862, nílò ẹni tí wọ́n sọ ìtàn náà fún láti ìhà Kúrunmí, olórí Ìjàyè tí Ìbàdàn bá jagun. Olùkọ́ lè má mọ ìyàtọ̀ yẹn; ẹlẹgbẹ́ tó jókòó tì í lè mọ̀ ọ́n.

Irú rẹ̀ sì ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Níbi tí babaláwo bá ti ń sun ìyẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ Ifá tí wọ́n ń fi orin gbé jáde, àwọn yòókù a máa fi "hin" gbè é. Bó bá ṣi ẹsẹ pè, wọ́n á tọ́ ọ sọ́nà.

Ní London náà, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Jane Abercrombie ń kó àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà jọ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n jọ wo fọ́tò ẹ́ksíréè, kí wọ́n sì bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí kálukú rí. Ó rí i pé èrò wọn túbọ̀ ń já gaara ju ti àwọn tí wọ́n kàn kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lásán.

Ohun tó ń ba sẹ́mínà jẹ́ lónìí ni "ó dáa, ẹ kú iṣẹ́." Ojú àgbà ń fà á: bọ̀dá tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba bọ̀ lè wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ ọdún 22, ọmọ náà á sì gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ kò dí òótọ́ lọ́nà. Ọmọ náà lè kọ ọ́ sórí ìwé, kó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, lójú ìwé kẹta, ẹ ní àwọn ọlọ́jà Bódìjà kì í fẹ́ lo báǹkì. Ọlọ́jà wo ni? Mo rí i pé ẹ fọ̀rọ̀ wá àwọn ẹlẹ́lùbọ́ lẹ́nu wò dáadáa, ohun tí wọ́n sọ sì ń dáni lójú. Àmọ́ n kò rí onípákó kankan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè bá onípákó díẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á dúró. Bí kò bá sáyè, ẹ kọ 'àwọn ẹlẹ́lùbọ́' dípò 'àwọn ọlọ́jà.'"

Ẹ wò ó: ó sọ ojú ìwé, ó sọ ohun tó dára, ó sọ ohun tó kù, ó sì fi ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n láti mú èyí tó bá wù ú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá jáde ní yàrá sẹ́mínà, kó tó wọ mọ́tò lọ sọ́jà.