Ewì Tí Gbogbo Ayé Há Sórí Ṣì Lè Ní Oníǹkan

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń fi orin sí ewì fún ẹgbẹ́ akọrin: "Ewì yìí ti di ti gbogbo ayé, ta ló máa bi wá?" Wọ́n há a sórí láti ilé ìwé, ó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń kà á níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ṣùgbọ́n òkìkí kì í gba ewì lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọdún ni òfin ń kà. Kò kan òfin bí èèyàn ṣe fẹ́ràn ewì náà tó.

Ẹ wo ohun tó dé bá Eric Whitacre, ará Amẹ́ríkà tí orin rẹ̀ gbajúmọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ akọrin. Ó fi orin sí "Stopping by Woods on a Snowy Evening", ewì Robert Frost, akéwì ará Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1923. Ó ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn mìíràn ti fi orin sí i, ló bá gbà pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ẹgbẹ́ akọrin kọ orin náà ní 2000. Lẹ́yìn náà ló tó mọ̀ pé àwọn tó jogún ẹ̀tọ́ Frost lórí ewì rẹ̀ ti fòfin de lílo ewì náà. Frost kú ní 1963, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ò bá a kú. Wọn ò gbà kó tẹ orin náà, wọn ò sì gbà kí ẹgbẹ́ akọrin kankan tún fi ohùn kọ ọ́.

Whitacre wá bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ akéwì, Charles Anthony Silvestri, kó kọ ọ̀rọ̀ tuntun sórí orin tó ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní sílébù mẹ́jọ, ibi tí ohùn bá ti ga gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí i, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ "sleep", torí orí rẹ̀ ni orin náà ti ń rọlẹ̀. Silvestri ṣe é, orin náà sì di "Sleep" tí wọ́n ń kọ káàkiri ayé lónìí. Inú mi dùn pé ó yọrí sí rere, àmọ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló lè wọ inú dúrọ́ọ̀ kó má jáde mọ́.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó di 70 ọdún lẹ́yìn ikú akéwì kí ẹ̀tọ́ tó parí. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 95 ni wọ́n ń kà fún ìwé tó jáde láyé Frost, láti ọjọ́ tó jáde. Ìdí nìyẹn tí ewì Frost yẹn fi bọ́ níbẹ̀ ní 2019, tó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò. Nítorí náà, ohun tó bọ́ níbì kan lè má tíì bọ́ níbòmíràn. Dylan Thomas, akéwì ará Wales, kú ní 1953, ewì rẹ̀ sì bọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2024, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ní oníǹkan ní Amẹ́ríkà. Ẹ má sì gbàgbé ìtumọ̀: Rilke, akéwì tó kọ ewì lédè Jámánì, kú ní 1926, ṣùgbọ́n ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló ni ìtumọ̀ tirẹ̀.

"A ò gbowó ẹnu ọ̀nà" kì í ṣe àṣẹ láti tẹ orin náà pín. Kíkọ orúkọ akéwì sókè ìwé orin dára púpọ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe ìyọ̀ǹda.

Kí ẹ tó kọ nóòtì kan ṣoṣo sílẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé ewì náà. Ẹ sọ àwọn ìlà tí ẹ fẹ́ lò, bóyá ẹ máa fo ẹsẹ kan tàbí tún ọ̀rọ̀ sọ, àti bóyá ẹ máa tẹ̀ ẹ́ tàbí gbà á sílẹ̀. Ẹ gba èsì wọn ní àkọsílẹ̀. Bí wọn ò bá fèsì, wọn ò tíì gbà nìyẹn. Ẹ lè yíjú sí àwọn akéwì tí ẹ̀tọ́ wọn ti parí, bíi William Blake tó kú ní 1827 tàbí Christina Rossetti tó kú ní 1894, tàbí kí ẹ bẹ akéwì tó wà láàyè kó kọ tuntun fún yín.