Nọ́ńbà 13 tó wà lábẹ́ ìbọn bàbá ọdẹ

Ní Òmù-Àrán, ní Àjàṣẹ́-Ìpo, títí dé Ìlọrin, ìbọn tí bàbá ọdẹ bá fi sílẹ̀ kì í pẹ́ di ohun tí ẹbí ń jiyàn lé. Ẹnì kan á ní ọdún tó wà lára rẹ̀ ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹlòmíràn á ní nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀, bíi 13, ni irú ọta tó ń jẹ.

Ti ọdún kò gba àsọtúnsọ. Ìbọn Winchester 94 jáde ní 1894 lóòótọ́, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ń ṣe é títí di 2006. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ là ń tọ̀ lọ. Ṣakabùlà ńkọ́? Àwọn alágbẹ̀dẹ ṣì ń rọ ọ́, torí náà ìpatà kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ẹlẹ́nu méjì tó ń ṣẹ́ láàárín ló dùn ún yẹ̀ wò. Tó bá ti dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, tí a yọ ọ̀pá rẹ̀ kúrò lára igi, tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, ibi pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀, níbi tí ọta ń gbà wọlé, ni ìlà rẹ̀ wà, ìyẹn àmì tí ilé ìdánwò ìbọn tẹ̀ sí i. Ìlà gidi ni. Ní ilé ìdánwò, wọ́n á ki ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ sí i, wọ́n á yìn ín. Èyí tí kò bá bẹ́ ni wọ́n ń kọ ìlà fún. Adé pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ méjì tó dábùú ara wọn jẹ́ ti Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé ìdánwò rẹ̀ ti wà láti 1813. BP lábẹ́ adé, ó di 1904 sókè. ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin, ọmọ Liège ní Belgium ni. Bí adé bá wà lórí ẹyin náà, kò dàgbà ju 1893 lọ. Àwọn kan kọ ìlà lẹ́ẹ̀mejì, bí obìnrin tó kọ ti baba rẹ̀ tó tún kọ ti ilé ọkọ: wọ́n tún wọn dán wò ni. Àwọn kan sì kọ ìlà ìlú tí kò bí wọn. Ọ̀pọ̀ ìbọn òwò tó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n tẹ TOWER sí lára, tí kò sì dé Tower, ilé ohun ìjà ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, rí.

Ọgbọ́n ńlá ni kíkọ ìtàn ìbọn sára ìbọn, torí ikán kì í jẹ irin. Àléébù rẹ̀ ni 13 yẹn.

Bí a bá pín òjé tó wọn pọ́n-ùn kan lórí òṣùwọ̀n sí ọta róbótó méjìlá tó dọ́gba, fífẹ̀ ọ̀kan ni ihò ìbọn 12: mílímítà 18.5. Tí a bá pín in sí 13, ọta kéré sí i, ihò náà á fún: mílímítà 18. Ìbọn 12 tí ihò rẹ̀ fún díẹ̀ ni Birmingham ń tẹ 13 sí. Ihò ni wọ́n wọ̀n, wọn kò sọ̀rọ̀ ọta. Láti 1887, 12 tó wà lórí C nínú àmì dáyámọ́ńdì ló ń sọ irú ọta. Síbẹ̀ ẹni tó rí 13 á máa wá ọta 13 kiri ọjà.

Àṣìṣe kejì léwu ju ìyẹn lọ. Yàrá ọta ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ jẹ́ mílímítà 65; 70 ló wọ́pọ̀ lára ọta òde òní. Ọta 70 máa ń wọ yàrá 65 wẹ́rẹ́, torí 70 yẹn jẹ́ gígùn kóròfo rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dún. Kó tó dún, ẹnu rẹ̀ ṣì ká. Tó bá dún, ẹnu náà á ṣí sínú ọ̀nà tóóró, òjé á máa fún ara rẹ̀ kọjá, agbára tó yẹ kó jáde á padà sára ọ̀pá.

Ti owó rẹ̀, inú ihò ni kí a kọ́kọ́ wò sí ìmọ́lẹ̀: ó ń dán ni, àbí ìpatà ti gbẹ́ ẹ? Lẹ́yìn náà, ṣé nọ́ńbà ọ̀pá àti ti ara bára mu? Àwọ̀ tó ti ṣá kì í bà á jẹ́ lójú ẹni tó mọyì rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ tà á ló máa ń ra sáńpépà, táá ha á títí táá fi dán bí ṣíbí tuntun, táá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa adé àti ọ̀pá àṣẹ náà rẹ́.