Omi Tó Jókòó Ló Ń Pa Tábílì Ìta

Ẹni tó gbé tábílì náà wá kò fẹ́ gbà pé ó ti bàjẹ́. Òkè rẹ̀ ń dán, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúró. Mo dà á dé, mo fi ṣóńṣó ìṣó tẹ ìdí ẹsẹ̀ kan. Ìṣó náà wọlé wẹ́rẹ́, àfi bíi pé kànrìnkàn ni mo gún. Nígbà tí mo fà á yọ, omi dúdú díẹ̀ tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn.

Ó ní, “Ọdún méjì péré ni mo kàn án. Igi gidi ni mo sì lò.”

Kò parọ́. Igi gidi ni lóòótọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé omi rọ́nà wọ inú tábílì yẹn, kò rọ́nà jáde. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, n kò tíì rí tábílì tí òjò pa. Òjò á rọ̀, á dá, igi á gbẹ, ó parí. Àwọn tó kú lójú mi, omi tó jókòó ló pa wọ́n: èyí tó há sáàárín pákó méjì, èyí tó sùn sínú ihò sukúrù, èyí tó rá pálá sábẹ́ fáníìṣì. Olú ni nǹkan tó ń jẹ igi rà, olú kò sì lágbára lórí igi tó gbẹ. Bí omi inú igi kò bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ, kò ríbi ta gbòǹgbò sí.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ara yín kan tábílì tó máa wà níta, ìbéèrè kan ni kí ẹ máa bi ara yín níbikíbi tí pákó méjì bá ti pàdé: bí omi bá wọ ibí, ibo ló máa gbà jáde?

Ká mú igi ṣáájú. Ìrókò dára, tíìkì dára, apá náà dára. Ikán àti olú kì í tètè rí wọn gbé ṣe. Arère fúyẹ́, ayùn sì ń gé e wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú ilé ni tirẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á ní ìrókò làwọn rà, wọn ò ní wo àwọ̀ pákó. Ara òde igi, èyí tó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo, kì í pẹ́ rà, ì báà jẹ́ igi tó le jù láyé. Inú lọ́hùn-ún tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú ni agbára wà, torí ibẹ̀ ni igi ń kó oje kíkorò tí kòkòrò ń sá fún pamọ́ sí. Bí ẹ bá rí ilà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, ẹ là á dànù, tàbí kí ẹ mú òmíràn.

Pákó náà gbọ́dọ̀ gbẹ pẹ̀lú. Ìṣirò àwọn àgbà oníṣẹ́ igi ni pé pákó tútù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 á lo bí ọdún kan lábẹ́ òrùlé kó tó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tó tà á fún yín lè búra pé ó ti gbẹ. Ẹ má bá a jà, ẹ gé ègé kékeré lára rẹ̀, kì í ṣe láti orí pákó níbi tí gígùn rẹ̀ parí sí o, láti inú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ́jọ́ méjì méjì. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì ń jáde. Ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ti bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dọ́gba, ẹ lè mú ayùn.

Tábílì ẹni mẹ́fà ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180, ìbú rẹ̀ ku díẹ̀ kó pé 90, gíga rẹ̀ jẹ́ 75. Èèyàn kan ń fẹ́ bí 60 kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ má baà gún ti ẹnìkejì. Ìjókòó àga sábà máa ń ga tó 45, ẹ rántí pé itan ẹni tó jókòó gbọ́dọ̀ ríbi gbà lábẹ́.

Òkè tábílì yìí ni mo fẹ́ kí á pẹ́ lé lórí, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n nínú àṣìṣe. Tábílì ìta tí mo kọ́kọ́ kàn, mo lẹ gbogbo pákó rẹ̀ pọ̀ mọ́ra bí ẹní ń kan tàwọn tó ń gbé inú yàrá. Gọ́ọ̀mù tó lágbára ni mo lò. Mo tún fi igi ìdábùú mẹ́ta há a lábẹ́, mo kan ìṣó mọ́ ọn gbà-gbà-gbà, mo ń yin ara mi. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú dáadáa, mo jókòó nínú ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo gbọ́ “gbàù!” Mo rò pé ẹnìkan ló sọ òkúta. Tábílì ló là, láti etí dé àárín.

Ohun tó fà á rèé. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i bó bá mu omi, fífẹ̀ ló ń fẹ̀ sí i. Bó bá sì gbẹ, ìbú rẹ̀ ló ń sún kì. Òkè tábílì tí a lẹ̀ pọ̀ di odidi ní ìbú 90 lè sún tó sẹ̀ǹtímítà kan láàárín ìgbà tó rin àti ìgbà tó gbẹ. Ìdábùú abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Gígùn tirẹ̀ ni mo tẹ́ sí ìbú òkè, gígùn kì í sì í sún. Ọ̀kan fẹ́ lọ, èkejì ní kò sí ibi tó ń lọ, ìṣó sì dè wọ́n pọ̀. Kí ni wọn ì bá tún ṣe bí kò ṣe kí ọ̀kan ya?

Bẹ́ẹ̀, ẹ má lẹ òkè tábílì ìta. Ẹ lo pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 9.5, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ fi àlàfo mìlímítà 5 sáàárín wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 89.5. Ẹ fá igi pẹlẹbẹ kan tó nípọn tó mìlímítà 5, kí ẹ máa kì í bọ àárín pákó méjì bí ẹ ti ń tò wọ́n, kí gbogbo àlàfo lè dọ́gba. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa sún lọ sún bọ̀ nínú àyè tirẹ̀, òjò á sì máa ṣàn kọjá. Bí pákó yín kò bá tíì gbẹ tán, ẹ dín àlàfo náà kù, torí á fẹ̀ sí i fúnra rẹ̀ bí igi bá ti ń gbẹ.

Ẹ wo orí pákó kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Ẹ ó rí àwọn ilà tó tẹ̀ bí ọrun. Pákó tó ń gbẹ a máa fẹ́ na àwọn ilà wọ̀nyẹn tọ́. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ kí ilà náà ṣe bí abọ́ tó kọjú sókè, tí ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ọkàn igi wà lókè, bó bá tilẹ̀ wọ́, á yọ ikùn díẹ̀ sókè, omi á ṣàn dànù. Bí ẹ bá yí i padà, pákó náà fúnra rẹ̀ á di ọpọ́n. Àwọn káfíńtà kan kò gbà fún mi lórí èyí. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ èèpo ló yẹ kó wà lókè kí igi má baà máa ṣí lápẹpẹ. Lójú tèmi, ohun tó bá ń gbá omi jọ ni ká kọ́kọ́ sá fún.

Férémù abẹ́ kò le. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, 7 sí 7, gíga 72. Pákó mẹ́rin ló máa yí wọn ká lókè bí àmùrè, ìbú wọn 10, ìnípọn wọn 3: kúkúrú méjì tó gùn tó 80, tí ẹ ó fi dé ojú ẹsẹ̀ ní orí méjèèjì, àti gígùn méjì tó jẹ́ 140, tó máa gba ìta kọjá tó sì máa bo etí àwọn kúkúrú. Gbogbo ibi tí pákó bá ti fẹ́ bo ara wọn, ẹ fi epo tí wọ́n ń fi pa igi (irú bíi líńsíìdì) tàbí ọ̀dà kùn ún kí ẹ tó so ó. Bí ẹ bá ti so ó tán, búrọ́ọ̀ṣì kankan kò débẹ̀ mọ́, omi nìkan ló ń débẹ̀.

Bóòtì ni kí ẹ fi so ó, kì í ṣe ìṣó. Èyí tó gùn tó 12, tó nípọn tó mìlímítà 8, pẹ̀lú wáṣà níhà méjèèjì, méjì méjì fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Ohun kan rèé tí mo ti rí tó mú èèyàn sọ dírìlì sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú: bóòtì tó gba ìhà gígùn wọlé àti èyí tó gba ìhà kúkúrú wọlé á pàdé láàárín ẹsẹ̀ bí wọ́n bá ga bákan náà. Ẹ lu ihò ti gígùn ní sẹ̀ǹtímítà 2 àti 7 láti òkè, kí ẹ lu ti kúkúrú ní 3.5 àti 8.5. Kí ẹ tó fún nọ́ọ̀tì le, ẹ fi tépù wọn férémù náà láti igun dé igun òdìkejì, kí ẹ wọn èkejì náà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bí 164.3. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì, ẹ ti igun tó gùn jù yẹn sínú díẹ̀díẹ̀.

Igi ìdábùú mẹ́rin, 80 ní gígùn, 3.5 ní ìnípọn, ló máa wà láàárín àmùrè gígùn méjèèjì láti gbé òkè ró. Ẹ gba abẹ́ ìdábùú wọ̀nyí fi sukúrù 5.5 de pákó òkè mọ́lẹ̀. Sukúrù á wọ inú òkè ní sẹ̀ǹtímítà 2, kò ní yọjú, òkè tábílì kò sì ní ní ihò kankan tí omi lè sùn sí. Iṣẹ́ ẹ̀yìn kékeré ni, ẹ ó dùbúlẹ̀ tàbí kí ẹ da tábílì dé, ṣùgbọ́n ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi dírìlì lànà fún sukúrù. Igi tó le kì í dárí ji ẹni tó bá fipá wọlé.

Irin tí kì í dípata ni kí ẹ rà fún sukúrù àti bóòtì, tàbí ó kéré tán èyí tí wọ́n rì sínú síńkì. Ọ̀rọ̀ ìpata nìkan kọ́. Oje inú ọ̀pọ̀ igi líle máa ń bá irin lásán jà bí omi bá ti dá sí i, àbàwọ́n dúdú bíi tàdáwà á sì máa ṣàn láti ẹnu sukúrù kọ̀ọ̀kan. Sáńpépà kì í tètè rí i mú kúrò.

Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 80 hó o, lẹ́yìn náà nọ́ńbà 120 tó kúnná jù ú lọ, kí ẹ dúró níbẹ̀. Bó bá dán jù, epo kò ní rí ibi wọ̀. Ẹ fi nǹkan bo imú. Lẹ́búlẹ́bú ìrókò a máa yún ara, a sì máa dí èémí ẹlòmíràn. Ní ti ohun tí ẹ ó fi pa á, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn fáníìṣì tó ń kọ mọ̀nà, mo gbọ́ yín. Oòrùn á pa á, á sán tẹ́ẹ́tẹ́ẹ́, omi á gba ojú sísán wọlé, fáníìṣì tó kù á sì dé e mọ́bẹ̀. Epo igi ni mo ń lò. Kì í dán, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì àti wákàtí kan ló ń gbà, kò sí pé à ń hó àtijọ́ kúrò. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ fi nǹkan kan pa ìrókò tàbí tíìkì, á kàn di aláwọ̀ eérú ni. Awọ ara nìkan lèyí, inú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká àkísà tí ẹ fi pa epo líńsíìdì jọ sí igun ilé. Epo yẹn máa ń mú ooru jáde bó bá ń gbẹ, àkísà tó ká jọ á sì dá ooru yẹn dúró títí iná á fi sọ fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Ó ku ẹsẹ̀. Nígbà tí igi wà láàyè, òpó tín-ín-rín tín-ín-rín tó ní ihò nínú bíi páìpù ló ń gbé omi láti gbòǹgbò lọ sí ewé. A gé igi, òpó náà kò lọ. Ìdí ẹsẹ̀ tábílì ni ẹnu wọn wà, wọ́n ṣí sílẹ̀, wọ́n sì ń fa ohunkóhun tí wọ́n bá bá nílẹ̀ sókè. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ẹ́lẹ̀ rárá. Ẹ kan ike pẹlẹbẹ mọ́ ọn nídìí, kí ẹ sì gbé e sórí òkúta, kì í ṣe sórí iyẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kan ike, ẹ kọ́kọ́ fún òpó wọ̀nyẹn ní ohun mìíràn mu.

Ohun tí mo ṣe fún tábílì ọ̀rẹ́ wa nìyẹn. Mo gé sẹ̀ǹtímítà 6 kúrò nídìí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó dé ibi tí igi ti le. Ó kúrú báyìí, àga ọlọ́wọ́ rẹ̀ kò wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́, ó sì kùn díẹ̀ nípa ìyẹn. Mo jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo bu epo díẹ̀ sínú agolo mẹ́rin, mo gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú agolo kan, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, agolo méjì ti gbẹ táútáú.