Bí Ìhó Àwọn Òǹwòran Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Níbi Eré Olórin Àwọn Ọ̀dọ́langba ní Àbújá

Ìhó, ẹ̀rín, àtẹ́wọ́ àti ìdákẹ́jẹ́ àwọn òǹwòran níbi eré olórin tí a ṣe fún àwọn ọ̀dọ́langba ní bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ohun tó ń tàn wọ́n kálẹ̀, wọ́n sì ní ohun tó ń pa wọ́n. Àwọn tó ń gbé irú eré bẹ́ẹ̀ jáde ní Àbújá sábà máa ń fi bí ariwo bá ṣe pọ̀ tó díwọ̀n bí eré náà ṣe dùn tó. Òṣùwọ̀n yẹn kò pé rárá, nítorí pé ọmọ ọdún 14 tí ọ̀rọ̀ eré wọ̀ lára jù lọ nínú gbogbo gbọ̀ngàn lè má mira títí iná yóò fi tàn, nígbà tí ẹni tó ń pariwo jù lè jẹ́ ẹni tó ń fi ariwo bo ìtìjú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí gbà lọ́kàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ariwo ṣe ń di ariwo.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní wíwò ni ẹni tó jókòó ti ẹni. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama máa ń wá pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù wọn, olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta á sì tò wọ́n sórí ìlà kan náà. Àwọn ẹbí máa ń ti Lugbe, Kubwa, Nyanya àti Gwarinpa wá, òbí ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ ló ni eré. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà máa ń wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pàápàá bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn bá wà lórí ìtàgé. Ọmọ tó jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ àti èyí tó jókòó láàárín bàbá àti ìyá rẹ̀ lè wà ní kíláàsì kan náà, kí wọ́n sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, síbẹ̀ ìṣesí wọn kò ní jọra. Bí ọmọkùnrin orí ìtàgé bá sọ fún ọmọbìnrin kan pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà àwọn oníyúnífọ́ọ̀mù á hó yèè, wọn á máa fi ìgúnpá gún ara wọn, wọn á sì dárúkọ ẹnì kan láàárín ara wọn tí ọ̀rọ̀ náà bá mu. Ní ìlà àwọn ẹbí, ọmọbìnrin ọdún 15 tí ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ á kọ́kọ́ dọ́gbọ́n wo ojú ìyá. Bí ìyá bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Bí ìyá bá gbọ́wọ́ sókè tó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, ọmọ á tẹjú mọ́lẹ̀.

Ìhó gbogbo gbọ̀ngàn, ọ̀dọ̀ ẹni díẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1978, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé olúkúlùkù ló ní iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ rí tó ń ṣe nǹkan kí òun náà tó dá sí i. Ẹnì kan wà tí kò dúró de ẹnikẹ́ni, òun á pàtẹ́wọ́ nígbà tó bá wù ú. Ẹlòmíràn á dúró títí yóò fi gbọ́ àtẹ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Ẹlòmíràn kò ní gbọ́wọ́ sókè àfi tí ìdajì gbọ̀ngàn bá ti dá sí i. Bí ẹni tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni kò bá wá lọ́jọ́ kejì, ìhó tó mi gbọ̀ngàn tìtì lọ́jọ́ kìíní lè má wáyé rárá, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú eré. Nítorí náà ló ṣe jẹ́ pé fífi ìhó ọjọ́ kan ṣoṣo dá eré láre tàbí lẹ́bi kò bójú mu.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Uppsala ní Sweden tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2013 lórí bí àtẹ́wọ́ ṣe ń ràn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n rí i pé iye àwọn tí ènìyàn ń gbọ́ àtẹ́wọ́ wọn káàkiri yàrá ló ń mú un bẹ̀rẹ̀, tó sì ń mú un dáwọ́ dúró, ju ohun tí ẹni tó jókòó tì í ń ṣe lọ. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe dára tó kọ́ ló ń pinnu bí àtẹ́wọ́ ṣe ń pẹ́ tó. Èyí ṣe pàtàkì gan-an ní Àbújá, níbi tí ọ̀pọ̀ eré ti ń wáyé nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ́ fún ìpàdé àti ìgbéyàwó. Rọ́ọ̀gì tó nípọn, kọ́tìnì tó wúwo àti àga onítìmùtìmù máa ń gbé ohùn mì, ẹ̀rọ amúlétutù á sì máa hùn lórí. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn á gbọ́ àtẹ́wọ́ àwọn ẹni márùn-ún tó yí i ká, kò ní gbọ́ ti igba ènìyàn tó wà níwájú, òun náà á sì rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn òṣèré á wọlé lọ pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé eré wọn kò wọ̀ wọ́n lára. Rọ́ọ̀gì ló gba àtẹ́wọ́ wọn.

Láàárín àwọn ọ̀dọ́langba, ojú ẹgbẹ́ máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Margo Gardner àti Laurence Steinberg, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣe ìdánwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, nínú èyí tí àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn àgbàlagbà ti ń wa ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn wà níbẹ̀, àwọn ọmọ náà gbé ìgboyà eléwu wọ̀ ju ìgbà tí wọ́n dá wà lọ. Ti àwọn àgbàlagbà kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn eré. Ọmọ tó bá ké lákọ̀ọ́kọ́ ń wu orúkọ ara rẹ̀ léwu, nítorí bí ẹlòmíràn kò bá gbè é, òun ni wọn yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá gbè é, ìlà náà á gbiná, kò sì sí olùkọ́ tó lè pa á mọ́. Ẹ̀rín náà kì í dá wà: Robert Provine, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rín, rí i pé ènìyàn ń rẹ́rìn-ín láwùjọ tó ìlọ́po 30 ìgbà tó dá wà.

Àwọn tó ń kọ orin eré mọ èyí, wọ́n sì máa ń pèsè àyè fún ìhó nínú orin fúnra rẹ̀. Orin tó bá fẹ́ gba àtẹ́wọ́ máa ń parí lójijì: ohùn á gòkè, ìlù á lu ìkan ìparí tó le, iná á yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, òṣèré á sì dúró gbọn-in pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Nǹkan mẹ́rin yìí ló ń sọ fún ẹni tí kò tíì wo eré rí pé àsìkò ti tó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pẹ́, bóyá ẹni tó ń darí iná sùn lọ díẹ̀, àwọn òǹwòran á ṣiyèméjì, iyèméjì yẹn ló sì máa ń pa àtẹ́wọ́. Orin tí kò fẹ́ àtẹ́wọ́ máa ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bọ́ sínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ìbànújẹ́ inú rẹ̀ má bàa fọ́n ká.

Orin ìbẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó tóbi. Òun ló ń kọ́ àwọn òǹwòran ní ohun tí wọ́n lè ṣe. Àwọn Yorùbá ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́, nítorí pé àwọn alárìnjó kì í bẹ̀rẹ̀ eré láìjúbà. Hubert Ogunde, tó bẹ̀rẹ̀ eré olórin rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ní Èkó ní 1944, tó sì gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Òkè Ọya, máa ń fi orin àti ijó ṣíde kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn òṣèré bá dá orin, tí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí gbọ̀ngàn gbè é, àwọn ọmọ ti mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ pé a gbà wọ́n láyè. Bí orin ìbẹ̀rẹ̀ kò bá fi àyè kankan sílẹ̀, wọn á jókòó bí ẹni tó wà lórí ìlà àárọ̀ níwájú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó sì máa ń ṣòro láti tú wọn sílẹ̀ mọ́ kí eré tó dé ìdajì.

Èdè ló jẹ́ kí ti Àbújá yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ òṣèré tó wá láti Èkó tàbí Ìbàdàn ti ń kọsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń ṣe eré náà, ṣùgbọ́n ìyá tó wà nínú ìtàn lè kígbe mọ́ ọmọ rẹ̀ lójijì pé, “Ṣé orí ẹ pé ṣá?” Àwọn tó gbọ́ Yorùbá á bú sẹ́rìn-ín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́ ọ á wo ojú wọn, ẹnì kan á túmọ̀ rẹ̀ sí wọn létí, ẹ̀rín kejì á sì tẹ̀ lé e, èyí tó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òfin àwọn òṣèré ni pé kí ènìyàn dúró títí ẹ̀rín yóò fi dé òkè, kó sì sọ ọ̀rọ̀ tó kàn nígbà tó bá ń rọlẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá tán pátápátá. Ní Àbújá, ẹ̀rín lè gòkè lẹ́ẹ̀mejì. Òṣèré tí kò bá mọ̀ á sọ̀rọ̀ lé ẹ̀rín kejì lórí, ìdajì gbọ̀ngàn á sì pàdánù ọ̀rọ̀ tí wọ́n nílò láti lóye ìran tó ń bọ̀. Bí òṣèré bá fi “Haba!” dáhùn, ẹ̀rín máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé kò sí ọmọ Àbújá tí kò mọ ìwọ̀nba Hausa yẹn, ì báà jẹ́ Yorùbá, Tiv, Gbagyi tàbí Igbo.

Àwọn òbí Yorùbá ní ìṣesí tiwọn. Wọ́n á dá òṣèré lóhùn láti orí àga: “Ọmọ yìí, má tẹ̀ lé e o!” Bí wọ́n ṣe bá eré níbi tí a ti tọ́ wọn nìyẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé òṣèré alárìnjó kì í ṣeré fún ẹni tó ya odi. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ dá òṣèré lóhùn á rá pálá sínú àga. Ó yẹ kí àwọn olùdarí eré fi èyí sọ́kàn kí wọ́n tó pín àga: ìjókòó tó ya àwọn ọ̀dọ́langba sọ́tọ̀ díẹ̀ sí àwọn òbí máa ń jẹ́ kí ìhà méjèèjì ráyè ṣe bó ti mọ́ wọn lára.

Ẹ̀rín kan wà tó máa ń dun àwọn òṣèré púpọ̀, ẹ̀rín tó bú jáde níbi tí ẹnì kan ti ń sunkún lórí ìtàgé. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ọmọ ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti fìdí rẹmi, tàbí tí ọmọbìnrin ti jẹ́wọ́ pé òun fẹ́ pa ara òun. Ohun tó sún mọ́ ọmọ jù lọ ló ń mú kó rẹ́rìn-ín, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa rí i pé ó wọ òun lára. Àṣìṣe tó burú ni kí òṣèré yára ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí kó fi àwàdà kún un láti bá ẹ̀rín náà lọ. Bó bá dúró sójú ibi tó wà, tó sì jẹ́ kí ìran náà gba àkókò rẹ̀, ẹ̀rín á kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á sì pa lọ́lọ́. Irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn yàtọ̀ sí ti ẹni tí eré ti sú. Ẹni tí eré sú á máa wúkọ́, á máa yí ìdí, ìmọ́lẹ̀ fóònù á sì máa yọ níbí àti lọ́hùn-ún. Nínú ìdákẹ́jẹ́ gidi, fóònù á wọ àpò.

Fóònù náà ti yí àtẹ́wọ́ padà. Ọwọ́ tó gbé fóònù dání láti ká eré sílẹ̀ kò lè pàtẹ́wọ́, nítorí náà orin tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù lè gba àtẹ́wọ́ tó kéré jù. Wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn sókè, wọn á máa jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún pẹ̀lú orin tó bá fà. Ẹni tó ń fetí nìkan ka ìhó á kà á sí àìdára.

Ní ìparí eré, bí gbogbo òṣèré bá jáde wá tẹríba, àtẹ́wọ́ lè bọ́ sórí ìlù kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ físíìsì tó wádìí èyí nínú gbọ̀ngàn eré ní Romania àti Hungary, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2000, rí i pé àwọn òǹwòran máa ń dín ìyára ọwọ́ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì kí wọ́n tó lè bára mu. Ariwo náà á wá lọ sílẹ̀, wọn á yára láti gbé e sókè, ìbáramu á sì tú. Níwájú òǹwòran tí wọ́n dàgbà pẹ̀lú agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, onílù ló sábà ń dá ọ̀rọ̀ náà: bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu gángan, ọwọ́ gbogbo ti bá a mu, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó nídìí àga.

Ní Paris ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ń san owó fún àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ nínú ilé eré, títí kan àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ẹ̀rín tàbí ẹkún. Irú rẹ̀ tó wà báyìí ni kí olùgbéré kó àwọn ìbátan òṣèré sí ìlà iwájú. Ó máa ń ran àwọn onítìjú lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń hó níbi gbogbo, àwọn ọmọ á mọ̀, wọn á sì fi ìhó náà sílẹ̀ fún wọn.

Ìṣesí tó pẹ́ jù láti dé ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kọ orin eré náà nínú ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Eré olórin kan tí wọ́n ń pè ní Be More Chill hàn ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní 2015, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ láìsí ilé eré ńlá tó gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba àwọn orin rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́langba rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbọ́ ọ títí tó fi di ìlú mọ̀ọ́ká láàárín wọn, ó sì dé Broadway, àwọn ilé eré ńlá ìlú New York, ní 2019. Ọ̀pọ̀ eré ọ̀dọ́ ní Àbújá kì í ju òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ, àwọn olùgbéré a sì ti dá gbọ̀ngàn padà fún àwọn onígbèéyàwó kí ọjọ́ Ajé tó dé. Àwọn tó bá gba orin wọn sílẹ̀ kí iná tó kú nìkan ni ìṣesí yẹn lè bá nílé.