Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ka òdòdó lórí òkè Gothic

Ìbéèrè kan wà tó máa ń jáde gbàrà téèyàn bá ti sọ pé àwọn kan ń ka òdòdó lórí òkè kan náà láti 1973: "Láti ọjọ́ yẹn, ṣé wọn ò tíì mọ iye ẹ̀ ni?" Ìbéèrè yẹn máa ń dunni, torí ẹni tó bi í rò pé iye tó wà níbẹ̀ lónìí ni wọ́n ń wá. Bí iye yẹn ṣe ń lọ sókè sódò láti ọdún dé ọdún, àti ohun tó ń fà á, ni wọ́n ń wá, ìyẹn ò sì ṣeé rí lẹ́ẹ̀kan.

Gothic wà ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ó ga tó nǹkan bíi 2,900 mítà. Ìlú àwọn tó ń wa fàdákà ni tẹ́lẹ̀, wọ́n pa á tì, ní 1928 ni wọ́n wá dá Rocky Mountain Biological Laboratory, ibùdó ìwádìí nípa ohun abẹ̀mí, sílẹ̀ síbẹ̀. Ká fi ìyẹn sílẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an ló dùn.

David Inouye ló bẹ̀rẹ̀ kíka òdòdó yẹn nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ohun tó ń wá nígbà yẹn ò ju oúnjẹ tí oyin àtàwọn ẹyẹ tó ń mu omi dídùn inú òdòdó ń rí jẹ lọ. Wọ́n pààlà sí ilẹ̀ kéékèèké, mítà 2 ní ìbú, mítà 2 ní òró, wọ́n sì ń lọ síbẹ̀ lónìí, wọ́n á fo ọ̀la, wọ́n á tún lọ lọ́tùnla, látìgbà tí sínóò bá ti yọ́ títí tí òtútù á fi padà dé. Ẹni tó ń kà á á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ yẹn, á na ọwọ́, á máa fi ìka ya ewé sápá kan. Èyí tó ti là nìkan ló ń kà, ìrudí tó ṣì dì ò sí níbẹ̀, èyí tó ti rọ náà ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà á wọ ìwé, á dìde, á gbọn eruku orúnkún, á tún lọ kúnlẹ̀ síbòmíì. Nígbà tó fi máa di 2012, òdòdó tí wọ́n ti kà báyìí ti tó mílíọ̀nù 2.

Ẹni tó bá mọ káàdì alájọ, iṣẹ́ yìí á tètè yé e. Ilé kéékèèké 31 ló wà lórí káàdì, alájọ ò ní bi ìyá aláta bóyá ọjà tà tàbí kò tà, ohun tó bá fún un ló máa gbà, á sàmì, á lọ. Tí kò bá rí nǹkan gbà, ilé yẹn á ṣófo, òfìfo yẹn náà ní ohun tó ń sọ. Tẹ́nì kan bá wá yọjú wo káàdì yẹn lọ́jọ́ kẹwàá tó rí i pé àmì pé síbẹ̀, á ní ìyá yìí ti rí ṣe, kò mọ̀ pé ọjà ọdún ló mú un tà bẹ́ẹ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, ilé mẹ́fà á ti ṣófo tẹ̀lé ara wọn. Alájọ tó bá sì lọ pààrọ̀ káàdì láàrin oṣù ti ba ìṣirò jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń gbé ilẹ̀ mítà 2 yẹn kúrò lójú kan, bí òdòdó ibòmíì tiẹ̀ pọ̀ jù tibẹ̀ lọ. Tí àìsàn bá dá alájọ dúbúlẹ̀, ẹlòmíì ní láti gbé báàgì ẹ̀ rìn lọ́jọ́ yẹn, torí ọjọ́ tó bá ti kọjá, kò sẹ́ni tó lè padà lọ gba owó ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mámọ́ọ̀tì ló fi èyí hàn jù. Ẹran yìí jọ òkété ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ dáadáa, inú ihò ló máa ń sùn mọ́ gbogbo ìgbà òtútù láìjẹun, ọ̀rá ara ẹ̀ ló ń gbé e ró. Kenneth Armitage, onímọ̀ nípa ẹranko, ló bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí wọn ní Gothic ní 1962. Páńpẹ́ tí kì í pa ẹran ni wọ́n fi ń mú wọn, wọ́n á kì í sínú àpò aṣọ, wọ́n á gbé e kọ́ òṣùwọ̀n, wọ́n á kan nọ́ńbà kékeré mọ́ ọn létí, wọ́n á fi dáì ṣàmì sí i lẹ́yìn kí wọ́n lè dá a mọ̀ lókèèrè, wọ́n á wá tú u sílẹ̀. Ní 2010, ìwádìí kan jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tó fi hàn pé mámọ́ọ̀tì ń sanra sí i, iye wọn sì ti lọ sókè gan-an lẹ́yìn 2000, torí wọ́n ń tètè jí, wọ́n sì ń rí àyè jẹun pẹ́. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á ní ooru tó ń pọ̀ sí i ń ṣe wọ́n lóore. Àwọn olùwádìí ò dúró níbẹ̀. Ní 2020, wọ́n to iṣẹ́ bíi 40 ọdún pọ̀, wọ́n wá rí i pé lóòótọ́ ni mámọ́ọ̀tì ń yè dáadáa sí i nígbà ooru, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ń mú wọn lọ ju ti tẹ́lẹ̀, pàápàá àwọn ọmọ kéékèèké. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fura sí ni pé sínóò tó máa ń bo ihò wọn bíi kúbùsù ti ń dín kù.

Òdòdó náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé tí sínóò bá tètè yọ́, ewéko ti jèrè nìyẹn. Àgbẹ̀ tó ti fi òjò àkọ́rọ̀ gbin àgbàdo rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Sínóò lè yọ́ lásìkò tí kò yẹ, kí ewéko jí, kó rudí, ṣùgbọ́n òru tí ìrì máa ń dì nínú oṣù kẹfà ò kúrò láyè ẹ̀, tó bá fi máa mọ́, ìrudí á ti dúdú, á ti tẹrí ba, kò sì ní yọ òmíì lọ́dún yẹn. Òdòdó kan wà tó bá sunflower tan, láàrin 1992 sí 1998, bíi 36 nínú 100 ìrudí ẹ̀ ni ìrì dídì ń pa, láàrin 1999 sí 2006 ó ti di bíi 74.

Ọkùnrin kan tún wà, billy barr, tó ń dá gbé ní Gothic nígbà òtútù láti àwọn ọdún 1970, tó ń wọn sínóò lójoojúmọ́, tó ń kọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí mámọ́ọ̀tì àti ẹyẹ tó dé, ó kàn ń kọ ọ́ fún ara ẹ̀ ni. Ìwé ẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀, nínú ìwádìí tó jáde ní 2000, pé mámọ́ọ̀tì ti ń fi ọjọ́ 38 tètè jáde ju bó ṣe rí ní ọdún 23 ṣáájú, orúkọ ẹ̀ sì wà lára àwọn mẹ́rin tó kọ ọ́.

Ibi tí ètò yìí ti ní àléébù ni owó. Owó ìwádìí sábà máa ń jẹ́ ti ọdún 3 sí 5, bẹ́ẹ̀ ewéko kan wà lórí òkè yẹn, monument plant, tó ń gbé ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ń kú. Tí ọ̀pọ̀ wọn bá là pọ̀ lọ́dún kan, òjò tó pọ̀ ní ìgbà ooru ọdún kẹrin sẹ́yìn ló fà á. Ẹni tí owó ẹ̀ tán lọ́dún kẹta á ti rí òjò yẹn, kò ní rí òdòdó. Armitage ti gbé iṣẹ́ mámọ́ọ̀tì lé Daniel Blumstein, olùwádìí míì, lọ́wọ́, nọ́ńbà etí ò sì dáwọ́ dúró. Tí sínóò bá tún yọ́, wọ́n á lọ kúnlẹ̀ sídìí ilẹ̀ mítà 2 yẹn.