Bí Èròjà Àyẹ̀wò Ṣe Ń Pẹ́ Láìsí Fíríìjì

Ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí ooru Ìlọrin bá ń kọjá ìwọ̀n 35 Celsius tí iná mànàmáná sì ń ṣe ségesège, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò ni pé ooru nìkan ló ń ba èròjà àyẹ̀wò, irú èyí tí ó wà nínú tẹ́ẹ̀sì ibà, jẹ́. Lóòótọ́ ni ooru ń bà á jẹ́, ṣùgbọ́n omi ló ń fún un láyè. Purotéènì ló ń ṣe iṣẹ́ nínú èròjà náà, purotéènì tí ó bá sì wà nínú omi kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ń mì, ó ń yí, bí ooru bá sì ti ń pọ̀ sí i ni yóò máa yára sí i, títí ìkápọ̀ rẹ̀, èyí tí ó fún un ní ìrísí, yóò fi tú, tí kò ní lè di ohun tí ó yẹ kí ó dì mú mọ́. Fíríìjì kàn ń dẹ eré náà ni.

Àwọn tí ń ṣe èròjà náà gbọ́dọ̀ mú omi náà kúrò, ṣùgbọ́n a kò lè sá purotéènì sóòrùn bí àwọn Ìgbómìnà ṣe ń sá gbódó. Ohun tí a bá sá sóòrùn á máa sún kì bí omi rẹ̀ ṣe ń lọ. Kò sí ohun tí ó ṣe iṣu bí ó bá hunjọ, a ṣáà máa lọ̀ ọ́ di èlùbọ́ ni, àmọ́ purotéènì tí ó bá pàdánù ìrísí rẹ̀ ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ mú un dì ní nǹkan bí ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo, wọ́n á wá fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ náà jáde, yìnyín á sì fẹ́ lọ láìkọ́kọ́ yọ́, gẹ́gẹ́ bí káńfọ̀ inú àpótí aṣọ ṣe ń joro títí tí yóò fi tán láìjẹ́ pé aṣọ tutù.

Gbígbẹ nìkan kò tó. Omi náà wà lára ohun tí ó di purotéènì mú, bí ó bá sì lọ láìsí arọ́pò, ìkápọ̀ náà yóò wó. Ṣúgà ni arọ́pò náà, pàápàá èyí tí à ń pè ní trehalose, tí ó wà nínú yíìsì gbígbẹ tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, tí ó sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí yíìsì náà tún jí bí omi bá kàn án. Glúkóòsì kò ṣeé lò, nítorí òun a máa lẹ̀ mọ́ purotéènì fúnra rẹ̀, irú ìlẹ̀mọ́ tí ó ń mú ẹ̀yìn búrẹ́dì pọ́n. Bí trehalose bá gbẹ tán, á le bíi gíláàsì, purotéènì á sì há sínú rẹ̀ láìlè mira.

Ẹni tí ó bá ti jẹ bàbá dúdú mọ irú líle yìí. Nígbà ọyẹ́, ó ń dún lábẹ́ eyín bí òkúta. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u sílẹ̀ ní ìgbà òjò, á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ bébà rẹ̀, ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ èkejì, ọmọ á sì máa lá bébà nígbà tí èèrà bá ti fi ọ̀nà sílé. Oòrùn kọ́ ló rọ̀ ọ́. Omi inú afẹ́fẹ́ ni. Trehalose tí ó gbẹ dáadáa ń fẹ́ ooru tí ó ju ìwọ̀n 100 lọ kí ó tó rọ̀, ṣùgbọ́n omi díẹ̀ péré á mú ìwọ̀n náà wálẹ̀ gan-an.

Ìdí nìyí tí ó fi ń dunni bí òṣìṣẹ́ ìlera bá tú ọ̀rá tẹ́ẹ̀sì ibà mẹ́wàá sílẹ̀ láàárọ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Ilà pupa tí ó ń jáde lára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èérún wúrà tí ó kéré kọjá ohun tí ojú lè rí, tí a so mọ́ purotéènì, tí a sì fi ṣúgà gbẹ sára bébà. Bí ọ̀rá rẹ̀ bá ti ṣí, òjò oṣù kẹsàn-án léwu fún un ju oòrùn oṣù kẹta lọ. Ọgbọ́n ńlá ni ètò yìí, àmọ́ ọwọ́ ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ jù lọ ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ìkẹyìn sí.

Ìwọ̀n ooru tí kò gbọdọ̀ kọjá, tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, sì tún wà níbẹ̀: 30 tàbí 40 ni fún ọ̀pọ̀ tẹ́ẹ̀sì ibà, 28 sì ni fún èyí tí wọ́n fi ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú ẹ̀rọ GeneXpert. Yàrá ìkẹ́rùsí tí ó ní páànù láìní sílìn á ti kọjá 28 kí ó tó di ọ̀sán. Ní ti ọ̀ririn, àpò kékeré oníhóró tí ó wà nínú ọ̀rá ni ẹlẹ́rìí: bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ń yí àwọ̀ padà, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí, wọ́n ní láti ju tẹ́ẹ̀sì náà nù, bí ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì pé.