Orí Dúúkù, Orí Àgbẹ̀: Bí Owó Orí Àwọn Olówó Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba

Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì 53 láti Woolwich lọ sí Old Kent Road, níbi tí èdè Yorùbá ti ń dún ní ṣọ́ọ̀bù kan sí òmíràn, yóò gba ojú ọ̀dàn gbalasa kan kọjá. Blackheath ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà kan wà lórí ọ̀dàn náà tí wọ́n fi orúkọ Wat Tyler sọ, olórí àwọn tó dìtẹ̀ nítorí owó orí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọjá níbẹ̀ láìmọye ìgbà láì wo ìta, a ń ronú owó ilé, a ń ronú èyí tí ìjọba yóò yọ lára owó oṣù. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ owó orí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1381. Lójú tèmi, ayé ìgbà yẹn ló yẹ kí a ti máa ka ìtàn bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ láti gba púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní púpọ̀, àti bí ará ìlú ṣe kọ́ láti má gba ẹnu ìjọba gbọ́.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé William Pitt, olórí ìjọba, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lọ́wọ́ olówó ní 1799. Àwọn mìíràn á ní rárá o, Lloyd George, mínísítà ètò ìṣúná, ni, ní 1909. Àwọn tó fẹ́ ká mọ̀ pé àwọn kàwé á lọ hú owó tí wọ́n gbà ní 1188 láti fi bá Saladin, olórí àwọn Mùsùlùmí tó gba Jerúsálẹ́mù, jagun jáde. Ìyẹn ò tilẹ̀ yẹ kó gbà wá lákòókò: ìdámẹ́wàá ni wọ́n bù lé gbogbo ẹni tí kò bá lọ jagun náà, ìwọ̀n kan náà fún ọlọ́rọ̀ àti aláìní. Níbo wá ni ti olówó dá yàtọ̀? Pitt àti Lloyd George ṣì ń bọ̀ wá kàn.

Ní 1377, ogun ilẹ̀ Faransé ti gbẹ àpò ọba. Ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ẹni tó ti lé ní ọdún 14 san pẹ́nì mẹ́rin, àfi alágbe nìkan. Dúúkù tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé fẹsẹ̀ rìn tán, pẹ́nì mẹ́rin. Opó tó ń rànwú jẹun, pẹ́nì mẹ́rin. Ní ọdún yẹn kan náà Ọba Edward Kẹta wàjà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ Richard, ọmọ ọdún mẹ́wàá, sì gorí oyè.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1379, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn òpìtàn máa ń fi gbólóhùn kan kọjá. Wọ́n gbà pé ìka ò dọ́gba. John of Gaunt, dúúkù Lancaster tó jẹ́ arákùnrin bàbá ọba, máàkì mẹ́wàá. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, máàkì mẹ́wàá. Àwọn ìjòyè tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀lì, £4. Mẹ́kúnnù, pẹ́nì mẹ́rin rẹ̀ náà ni. Máàkì kan jẹ́ ṣílè 13 àti pẹ́nì mẹ́rin, ìyẹn pẹ́nì 160. Ẹ ṣírò rẹ̀: ohun tí orí dúúkù san jẹ́ ìlọ́po 400 ohun tí orí àgbẹ̀ san.

Ta ló kọ́kọ́ mú àbá yìí wá? Èmi ò gbà pé àánú ló mú un wá. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti 1348 sí 1349 ti pa àwọn òṣìṣẹ́ run, àwọn tó kù sì mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ti wọ́n. Ìjọba ṣòfin ní 1351 pé owó iṣẹ́ ò gbọdọ̀ gòkè, àwọn ènìyàn sì ń kùn. Mo rò pé àwọn ọlọ́lá kéékèèké tó ti ìgbèríko wá sí ìgbìmọ̀ ni wọ́n gbọ́ ìkùnsínú yẹn lábúlé wọn, tí wọ́n sì rí i pé ó sàn kí dúúkù sanwó ju kí ilé àwọn jóná lọ. Ẹ tún wo ti olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣòwò ni, kò bí ọba, ọba ò bí i, síbẹ̀ £4 bíi ti ẹ́ẹ̀lì ni wọ́n bù lé e. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n wò níbẹ̀, àpò ni. Ẹni tó bá wo àpò kó tó bu owó ti ń gba owó orí lọ́wọ́ olówó nìyẹn, yálà ó ní fọ́ọ̀mù tàbí kò ní.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Poll tax ni wọ́n ń pe owó yẹn; poll, orí ló túmọ̀ sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Owó orí gééré nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n gbé lọ sí ibi ìdìbò, torí pé orí ni wọ́n ń kà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwa náà ńkọ́? Ìjọba ń gba owó lórí ọjà, lórí ilé, lórí owó oṣù, síbẹ̀ owó orí ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wa. Nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde sí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1968 sí 1969, igbe wọn ni pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn máa san. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ láyé àtijọ́. Nígbà tiwọn, ọ̀kẹ́ mẹ́fà ti di ṣílè 30. Bí àgbẹ̀ Akanran bá pàdé àgbẹ̀ Kent, ìgbèríko Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀tẹ̀ 1381 ti gbóná, wọn ò ní nílò ògbufọ̀.

Owó 1379 kò wọlé bó ṣe yẹ. £50,000 ni wọ́n ń retí, ohun tí wọ́n rí kò tó ìdajì. Ní ìparí 1380, ìgbìmọ̀ tó jókòó ní Northampton padà sí ti àtijọ́, wọ́n tún sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta: pẹ́nì 12 lórí orí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí olówó ran aláìní àdúgbò rẹ̀ lọ́wọ́. Abúlé tí kò ní olówó kankan wá ńkọ́? Àwọn ará ìlú dá wọn lóhùn lọ́nà tó dùn mọ́ mi: wọ́n fi orí pamọ́. Nígbà tí agbowó-orí ka ènìyàn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n kà ní 1377 ti pòórá nínú ìwé. Arábìnrin di àwátì, ìyá àgbà di àwátì.

Ọba rán àwọn olùwádìí jáde. Ní Brentwood ní Essex, lọ́jọ́ 30 oṣù karùn-ún, wọ́n lé wọn. Kent gbaná. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ogunlọ́gọ̀ ti wà ní Blackheath, níbi tí àlùfáà John Ball ti bi wọ́n pé nígbà tí Ádámù ń roko, tí Éfà ń rànwú, ta ni ọlọ́lá nígbà yẹn? Wọ́n wọ Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sun ààfin Savoy tí í ṣe ti John of Gaunt. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà, ní Mile End, ọba ọmọ ọdún 14 ṣèlérí fún wọn pé kò sí ẹrú mọ́, ó sì ní kí wọ́n kọ ìwé rẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n bẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà àti akápò ọba lórí. Lọ́jọ́ kejì àwọn ènìyàn ọba pa Wat Tyler ní Smithfield. Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù keje, ọba ti fagi lé gbogbo ìwé tó fún wọn. Ọjọ́ 18 péré ni ìlérí yẹn fi gbé ayé.

Ó wá kan Pitt. Ìdámẹ́wàá ló gbà lọ́wọ́ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá lé ní £200 lọ́dún. Ó retí mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn, ó rí bíi mẹ́fà. Robert Peel, olórí ìjọba nígbà náà, mú un padà wá ní 1842. Lloyd George bu àfikún lé ẹni tó ń gba ju £5,000 lọ, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù kọ̀ ọ́ ní 1909, ìdìbò méjì sì wáyé ní 1910. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, àmọ́ ilé tí ẹlòmíràn ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ni wọ́n ń kùn lọ́dà.

Ìyókù kì í ṣe àjèjì. Nígbà ogun àgbáyé kejì, nínú pọ́n-ùn tó jẹ́ ṣílè 20, ìjọba ń mú ṣílè 19 àti pẹ́nì mẹ́fà lára owó àwọn tó lówó jù. Ní 1979 Margaret Thatcher, olórí ìjọba, já ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún wá sí 60, ní 1988 ó di 40. Ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú Labour sọ ọ́ di 50 ní 2010, ó di 45 ní 2013. Ní oṣù kẹsàn-án 2022 Kwasi Kwarteng, mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà, ní òun yóò pa 45 yẹn rẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ti Mile End ṣì lálòpẹ́ jù ú lọ.

Èyí tí mi ò lè sáré kọjá ni ti 1990. Thatcher tún mú owó orí alákàorí dé, Scotland ló ti kọ́kọ́ dán an wò ní 1989. Ẹni tó ń gbé ilé ńlá àti ẹni tó ń gbé yàrá kan ní àdúgbò kan náà, iye kan náà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Trafalgar Square lọ́jọ́ 31 oṣù kẹta, obìnrin náà sì fi ipò sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Kí ni àwọn ará ìlú ṣe kí owó náà má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn? Ọ̀pọ̀ yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé olùdìbò. Wọ́n tún fi orí pamọ́ bíi ti 1381, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí orí tó sá fún owó sá fún ìbò pẹ̀lú.

Ní 1992, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde dìbò. Ní 2001 kò pé 60. Ní 2010 àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Liberal Democrats fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò ní jẹ́ kí owó yunifásítì gòkè, wọ́n wọ ìjọba, owó náà gòkè. Nígbà tó di 2015, aṣòfin 57 tí wọ́n ní ti di mẹ́jọ. Ní 2024 Labour kó 411 nínú àga 650 pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, mẹ́rin nínú olùdìbò mẹ́wàá sì jókòó sílé.

Àwa ọmọ Nàìjíríà tí a ní ìwé ìgbélùú lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbí kódà ká tó di ọmọ ìlú, torí Commonwealth. Mo bi àwọn mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ bóyá orúkọ wọn wà nínú ìwé. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní ó wà. Ó ní báǹkì ló ní kí òun lọ kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó lè yá òun lówó mọ́tò.